Ẹ Yọ Ọ́ Kúrò Nínú Ike Mínírà, Ẹ Fi Í Sínú Omi Kànga

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tí ẹ wà ní Kánò àti agbègbè rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. A mọ̀ pé bí ìwé ọdọọdún báyìí bá jáde, àwòrán aṣọ ẹgbẹ́ àti ìkíni oríire ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣí wò. A kò bínú sí i, aṣọ náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbójú fò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àwọn ọmọ wa ni. Ọ̀rọ̀ omi ni, àti ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní kílóríìnì.

Ẹ jẹ́ kí a là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kílóríìnì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú bílíìṣì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Jik tàbí Hypo láìka ẹni tó ṣe é sí. Òun kan náà ni wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ kí kòkòrò àrùn lè kú. Ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí ni pé, nínú ilé àwa Yorùbá tó wà ní Sabon Gari, ní Brigade àti ní No Man's Land, níbi tí kò yẹ kí kílóríìnì wà ni ó pọ̀ sí, níbi tí ó sì ti yẹ kí ó wà ni a kò ti rí i. Ó wà nínú ike mínírà lábẹ́ ibùsùn. Ó wà lẹ́bàá ìkòkò omi mímu. Ó wà nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, tí a ti pò ó mọ́ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú omi kànga tí ìdílé mẹ́wàá jọ ń fà mu, kò sí ẹ̀kán kan. A kò mọ bí a ṣe lè máa pe èyí ní ọgbọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé oògùn òyìnbó ni, kí ó kọ́kọ́ wo inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Iyọ̀ tí à ń jẹ lójoojúmọ́, bí a bá pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, kílóríìnì ló kó mẹ́ta nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù. Áásíìdì tí Ọlọ́run fi sínú ikùn wa kí oúnjẹ lè dà, kílóríìnì wà nínú rẹ̀. Páìpù ike tí púlọ́ńbà fi ń fa omi wọlé, kílóríìnì wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí kílóríìnì bá fẹ́ sódíọ̀mù, ara rẹ̀ a balẹ̀, yóò máa gbé inú iyọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ó bá dá wà ni ó ń ya wèrè. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí ewé tó ń pọ́n lọ, òórùn rẹ̀ a sì máa gún ènìyàn nímú. Carl Scheele, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní ọdún 1774. Humphry Davy, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1810, àwọ̀ rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́.

Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí sínú lọ ní bí ìlọ́po méjì ààbọ̀. Nítorí náà kì í gòkè, ilẹ̀ ni ó ń rìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u sílẹ̀ nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì ju 150 tọ́ọ̀nù lọ. Atẹ́gùn gbé e lọ bá àwọn ọmọ ogun Faransé àti àwọn ará Àlùjíríà tí Faransé kó wá sójú ogun. Inú kòtò ni wọ́n sá pamọ́ sí kí ìbọn má bà á wọ́n, inú kòtò náà gan-an ni afẹ́fẹ́ náà sì wọ̀ tọ̀ wọ́n lọ. Bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, tó pàdé omi ara níbẹ̀, áásíìdì ni yóò dà. Ẹ rántí kòtò yìí, nítorí a ó padà wá sọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ wa.

Síbẹ̀, nǹkan kan náà, bí a bá lò ó níwọ̀n, ó ti gba ẹ̀mí là ju ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń tò sí ilé kẹ́mísì lọ. Ní ọdún 1847, dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Vienna. Nínú iyàrá ìgbẹ̀bí tí àwọn dókítà ti ń ṣiṣẹ́, ibà ń pa àwọn ọlọ́mọ tuntun. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá tó wá bímọ níbẹ̀ ni ó kú. Semmelweis kíyè sí i pé láti ibi tí àwọn dókítà ti ń la òkú wò ni wọ́n ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ó ní kí olúkúlùkù fi omi tí wọ́n po kílóríìnì mọ́ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan aboyún. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, àwọn tó ń kú ti já wálẹ̀ sí bí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú pé ó pe ọwọ́ dókítà ní ọwọ́ ìdọ̀tí. A ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé agídí kì í ṣe ti púrúǹtù nìkan.

Ní ọdún 1908, ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba kílóríìnì sínú omi ìlú lójoojúmọ́. Dókítà John Leal tó dá a lábàá kò tilẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé, ilé ẹjọ́ sì gbà pé ohun tó ṣe dára. Kò pẹ́ tí ìlú mìíràn fi ń tẹ̀lé e, tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kánò. Láti ìparí ọdún 1995 wọ 1996, àrùn onígbáméjì jà ní ìlú yìí, àwọn tó dàgbà nínú wa kò tíì gbàgbé. Àwọn onímọ̀ ìlera tó ṣèwádìí rẹ̀ fi àwọn tí àrùn mú wé àwọn tí kò mú. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti gbọ́: ẹni tó ń mu omi tí wọ́n ń tà kiri ní ìgboro wà nínú ewu jù, ẹni tó ń fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun sì rí ààbò. Ní ọdún 2021 ńkọ́? Ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú ju 111,000 lọ, àwọn tó kú sì ju 3,600 lọ. Bauchi, Jigawa, Kánò àti Zamfara, àríwá tí àwa ń gbé yìí kan náà, ni ó kó ju ìdajì àwọn aláìsàn náà lọ. Kòkòrò tó sì ń fa àrùn yìí, kò ní agbára kankan níwájú kílóríìnì. Ohun tó ń bí wa nínú nìyí. Kì í ṣe àrùn tí kò gbóògùn ni ó ń pa wá, àrùn tí oògùn rẹ̀ kò ju iye tí a fi ń ra káàdì fóònù lọ ni.

Ẹ wo bí agbolé wa ṣe rí. Onílé gbẹ́ kànga sí iwájú, ó gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀yìn. Ilé wá wọ inú ilé, ṣáláńgá aládùúgbò sì di ara ògiri kànga tiwa. Bí òjò bá ti ń rọ̀ ní oṣù kẹjọ, omi kànga a kún, okùn a kúrú, a ó sì máa dúpẹ́ pé omi ti sún mọ́ ọwọ́. Ohun tó bá omi sún mọ́ ọwọ́ ni a kì í bèèrè.

Àwọn mẹ́ruwà tí ń ti ọmọlanke wọ àdúgbò, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti pọn omi, tàbí ìgbà tí wọ́n fọ kẹ́ẹ̀gì yẹn kẹ́yìn? Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ti Challawa tàbí Tamburawa wá, tí wọ́n ti fi kílóríìnì sí, kílóríìnì kì í jókòó dè wá. Bó bá ti ń pàdé ìdọ̀tí ni ó ń jà, bó bá sì ti ń jà ni ó ń tán. Páìpù tó bẹ́ sínú gọ́tà yóò jẹ níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí ewédò ti hù nínú rẹ̀ yóò jẹ tirẹ̀, dúrọ́ọ̀mù tí a kò fọ̀ láti ọjọ́ Iléyá yóò gba èyí tó kù. Nígbà tí omi náà bá dé inú ife ọmọ, orúkọ omi ẹ̀rọ nìkan ló kù lára rẹ̀.

Bí a bá ti sọ báyìí, ìdáhùn tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ṣé ilé wa ni? Àlejò ni wá níbí, a ó lọ sílé." Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún ní ìlú yìí, ibí ni a bí àwọn ọmọ wa sí, èdè Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. A kọ́ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́, a kọ́ sí Ọ̀fà, a kọ́ sí Òṣogbo, a sì gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù sí i. Ta ló ń mu omi bọ́họ̀ọ̀lù yẹn? Ẹni tí ń ṣọ́ ilé ni. Àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn kọ́ ọ, omi kànga ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ń mu ní Kánò.

Àwọn bàbá wa kan á sọ pé, "Omi odò ni àwọn bàbá tiwa mu, wọn kò kú." Ẹ̀yin bàbá, ẹ forí jì wá, wọ́n kú. Àwọn ọmọ tí a ń sọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́, tí a ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òkè pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, gbogbo wọn kọ́ ni ẹgbẹ́ mú lọ. Ìgbẹ́ gbuuru kó lára wọn. Odò tí ń ṣàn gba inú igbó kọjá lẹ́bàá abúlé kékeré kan kò sì lè jọ kànga inú agbolé tí ọgọ́ta ènìyàn ti ń yàgbẹ́.

Àwọn mìíràn ní oògùn tí wọ́n fi sínú omi ń sọ obìnrin di àgàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí gbọ́ ní ọdún 2003 nípa oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ìpínlẹ̀ yìí títí di 2004, kí wọ́n sì tó padà sí i, àrùn náà ti ràn láti ibí dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti tán níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tó gbà wá lálejò nìkan ló ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, àwọn ènìyàn wa ní ilé ń pe ara wọn lórí fóònù lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nígbà náà pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ mímu. Ní àsìkò kan náà, omi tí wọ́n po kílóríìnì mọ́ ni àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn Ebola fi ń fọ bàtà, tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Èyí tí ń gbani là wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, èyí tí ń pani ni a jí dìde lóru láti mu.

Àwọn ọmọwé wa náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n kà á níbì kan pé kílóríìnì inú omi ń fa jẹjẹrẹ. Èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí kílóríìnì bá pàdé ewé jíjẹrà àti irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ nínú omi, ó lè mú àwọn èròjà kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ra fún nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a jọ omi kí a tó fi í sí i. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ pé ewu yìí kéré púpọ̀ sí ewu omi tí a kò pa kòkòrò inú rẹ̀. Nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ni ọmọwé ń sá fún. Onígbáméjì lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹnì kan kù tí kò tilẹ̀ bá wa jiyàn, tó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Ìyá tí ń fi álọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀mù ni. Ó fi ro omi, ìdọ̀tí rọ̀ sílẹ̀, omi mọ́ lójú, ó tán. Ìyá wa, omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Álọ́ọ̀mù ń kó ìdọ̀tí jọ ni, ó ń tì í lọ sísàlẹ̀. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù, kò pa á. Kì í ṣe pé kí ẹ jáwọ́ nínú álọ́ọ̀mù o. Ẹ jẹ́ kó ṣáájú, kí kílóríìnì tẹ̀ lé e.

Báwo wá ni a ó ṣe ṣe é? Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún omi mímu, irú WaterGuard tàbí Aquatabs, ni ó dára jù, kí a sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí a kò bá rí i, bílíìṣì lásán tí kò ní lọ́fínńdà, tí kò ní ọṣẹ nínú, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdajì ṣíbí tíì kan ti tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ìdajì ṣíbí tíì ni a wí, a kò wí ìdérí ìgò, a kò wí "bu díẹ̀ sí i". Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ jọ omi náà, ẹ pò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, òórùn yẹn ni ẹ̀rí pé kílóríìnì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá rùn rárá, ìdọ̀tí ti jẹ ẹ́ tán; ẹ fi ìwọ̀n kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tún dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti kànga fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, kì í ṣe ohun tí a ń da nǹkan sí láàárọ̀ kí a sì máa fà mu lọ́sàn-án.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti dun àwọn kan. Ọ̀pọ̀ ìyá àti àǹtí wa ló ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọṣẹ olómi, ìzáàlì àti bílíìṣì. Wọ́n ń kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ́ ọ ní mọ́sáláṣí, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìpàdé obìnrin. A kí wọn kú iṣẹ́. Obìnrin tó ń fi owó bílíìṣì san owó ilé ìwé ọmọ, ẹni tó bá yọ ṣùtì sí i kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìyà. Ṣùgbọ́n ike mínírà àti ike omi tí a ṣà jọ ní òde ìnáwó ni wọ́n ń rọ ọjà náà sí. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ìwọ̀n, kò sí ọjọ́ tí wọ́n pò ó. Ó mọ́ gaara. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ìwé kà, òórùn kò sì tíì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ohun tó mọ̀ ni pé nínú irú ike yìí ni nǹkan dídùn ti máa ń jáde lọ́jọ́ ọdún. Bó bá gbé e sẹ́nu, ẹ má sọ fún wa pé ọmọ náà ló ń fọwọ́ kan ohun gbogbo. Ta ló kọ́kọ́ gbé májèlé wọ aṣọ mínírà?

Oòrùn ìlú yìí sì tún dá kún un. Bílíìṣì kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Èyí tí a bá tò sórí tábìlì lẹ́bàá títì, tí oòrùn ń pa á lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ ń lọ ni. Ẹni tó rà á kò lè mọ̀ bóyá oró ni òun rà tàbí omi lásán. Ìdí nìyí tí irú rẹ̀ kò fi ṣeé fi sínú omi mímu láéláé. Ẹ wá wo bí ìyà ṣe di méjì: bílíìṣì tí kò ní ìwọ̀n ń pa ọmọ wa lára nínú iyàrá, òun kan náà ni kò sì jẹ́ kí á ní èyí tí a lè fi tọ́jú omi.

Bí ọmọ bá sì ṣèèṣì mu ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé epo pupa. A mọ̀ pé ohun tí ìyá wa fi kọ́ wa ni, pé epo ń pa oró. Epo kì í pa oró bílíìṣì. Bí ọmọ bá ń bì, epo lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn á sì di àrùn mìíràn lórí èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, nítorí ohun tó jó o bó ṣe ń lọ yóò tún jó o bó ṣe ń bọ̀. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ike náà dání.

Ilé ìwẹ̀ ló kù. A ní kí ẹ rántí kòtò Ypres. Bílíìṣì nìkan kì í sáábà pani, ẹni tí a bá pò ó mọ́ ni ó ń mú un ya wèrè padà. Bí ó bá pàdé áásíìdì, afẹ́fẹ́ kílóríìnì gan-an ni yóò tú jáde, èyí tí wọ́n fi jagun yẹn. Níbo sì ni áásíìdì wà? Ó wà nínú omi tí àwọn kan ń fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wà nínú omi bátìrì tí àwọn mìíràn ń dà sí i kí àbàwọ́n lè ṣí, ó wà nínú osàn wẹ́wẹ́ àti fínígà. Bí bílíìṣì bá pàdé ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ mìíràn ni yóò mú jáde, tí òun náà ń jó ojú àti àyà. Ẹ wo ìyá tó da bílíìṣì sínú póò ọmọ tí ìtọ̀ àná ṣì wà nínú rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ̀ ọ́, tí ọmọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wúwo, ilẹ̀ ni ó ń rìn, ilẹ̀ náà sì ni imú ọmọ wà. Ohun gbogbo tó yẹ kí a fi bílíìṣì fọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣàn án, kí ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ má po ohunkóhun mọ́ ọn bí kò ṣe omi. Àwọn kan wà, a gbọ́, tí wọ́n ń pò ó mọ́ ìpara kí ara lè pupa. A kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún wọn. Ohun tí ń bó àwọ̀ kúrò lára aṣọ ọ̀fì, kí ni wọ́n rò pé yóò ṣe fún ara ènìyàn?

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kò wúwo. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó tí a fẹ́ fi ṣe àsè ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n fi ra oògùn omi ní ọ̀pọ̀, kí wọ́n sì tà á ní iye tí wọ́n rà á fún agbolé kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé. Kí wọ́n pe ẹni tó mọ iṣẹ́ láti wá wo kànga tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, kí wọ́n sì bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wa, nítorí ayálégbé kan kò lè dá a sọ. Fún àwọn ìyá tí ń ṣe bílíìṣì, kí ẹgbẹ́ jọ ra ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ àti lébẹ̀lì tí a kọ ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí owó rẹ̀ lè dínkù fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá tún rọ bílíìṣì sínú ike mínírà, kí ó san owó ìtanràn bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé, kódà kí ó ju ti ẹni tó pẹ́ lọ.

A ó gbé e síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó lọ́jọ́ náà, kí ó bu omi kànga agbolé rẹ̀ dání wá nínú ife, kí ó mu ún lójú gbogbo wa kó tó sọ̀rọ̀.